Òkè-Ògùn nílé aṣòfin: Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, aṣojú mélòó?

Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mẹ́wàá nínú wọn ló wà ní Òkè-Ògùn. Tí èèyàn bá wò ó báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta ìpínlẹ̀ náà. Àmọ́ tọ́rọ̀ bá ti di ti àga nílé aṣòfin, ìṣirò náà máa ń yí padà. Nínú aṣòfin 32 tó ń jókòó ní Agodi, n'Ìbàdàn, méje ló ń ti Òkè-Ògùn wá. Nínú aṣojú 14 tí Ọ̀yọ́ ń rán lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Abuja, mẹ́ta ni tiwọn. Sẹ́nétọ̀ ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ni, àwọn àti apá kan Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sì jọ ni ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ará Òkè-Ògùn, pàápàá tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé. Bí wọ́n ṣe pín àga wọ̀nyí, ibi tí ìpín náà ti ṣẹ̀ wá, àti ohun tó lè yí i padà ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà

Odò Ògùn ni wọ́n fi sọ agbègbè náà lórúkọ: àwọn tó wà lókè odò, ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí igbó ti tán tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ iṣu, àgbàdo, gbágùúdá, kaṣú àti ẹran ọ̀sìn ni. Ìwọ̀-oòrùn Ṣakí àti Ìwàjọwà bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà, Kìṣí sì kọjú sí Kwara.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àti olú ìlú wọn nìyí: Ìsẹ́yìn (Ìsẹ́yìn), Ìtẹ̀síwájú (Òtu), Kájọlà (Òkèhò), Ìwàjọwà (Ìwéré-Ilé), Ìwọ̀-oòrùn Ṣakí (Ṣakí), Ìlà-oòrùn Ṣakí (Àgọ́-Àmọ̀dù), ATISBO (Tedé), Ìrẹ́pọ̀ (Kìṣí), Ọlọ́runṣògo (Ìgbẹ́tì) àti Oorelope (Ìgbòho). Orúkọ ATISBO fúnra rẹ̀, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú ibẹ̀ ni wọ́n kó jọ, látorí Àgọ́-Àrẹ àti Tedé lọ.

Bí wọ́n ṣe pín àga

Ní Abuja, ẹkùn ìdìbò mẹ́ta ni Òkè-Ògùn ní. Àkọ́kọ́ ni Ìsẹ́yìn, Ìtẹ̀síwájú, Kájọlà àti Ìwàjọwà: ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, aṣojú kan. Ẹ̀kejì ni Ìwọ̀-oòrùn Ṣakí, Ìlà-oòrùn Ṣakí àti ATISBO. Ẹ̀kẹta ni Ìrẹ́pọ̀, Ọlọ́runṣògo àti Oorelope. Ẹ fi wé Àríwá Ìbàdàn tàbí Olúyọ̀lé, tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń dá rán aṣojú tirẹ̀ lọ.

Ní Agodi, àga méje náà ni Ìwọ̀-oòrùn Ṣakí, Ìlà-oòrùn Ṣakí pẹ̀lú ATISBO, Ìsẹ́yìn pẹ̀lú Ìtẹ̀síwájú, Kájọlà, Ìwàjọwà, Ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú Ọlọ́runṣògo, àti Oorelope.

Tí wọ́n bá wá to gbogbo ìpínlẹ̀ náà sí ẹkùn márààrún tí gbogbo èèyàn mọ̀, bó ṣe rí nìyí. Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ 11 àti àga 16. Òkè-Ògùn ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá àti àga méje. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún àti àga mẹ́rin. Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin àti àga mẹ́ta. Ìbàràpá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta àti àga méjì. Ìbàdàn nìkan ló ko ìdajì ilé náà. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni Ìbàdàn fi ju Òkè-Ògùn lọ, àmọ́ àga mẹ́sàn-án ló fi jù ú.

Kì í ṣe àárín Òkè-Ògùn àti Ìbàdàn nìkan ni ìpín yìí ti ń fa awuyewuye. Láàárín Òkè-Ògùn fúnra rẹ̀ náà, nǹkan ò dọ́gba. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwọn èèyàn tí wọ́n kà ní Ìsẹ́yìn ju ìlọ́po méjì àwọn tí wọ́n kà ní Ìwàjọwà lọ. Síbẹ̀, Ìwàjọwà ń dá ní aṣòfin ìpínlẹ̀ kan, Ìsẹ́yìn sì tún ń pín tirẹ̀ pẹ̀lú Ìtẹ̀síwájú.

Kí ìbò tó dé: ọ̀rọ̀ 1916

Ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú kì í ṣe tòní ní Òkè-Ògùn. Láyé ìjọba amúnisìn, Ọ̀gágun Ross, tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ọ̀yọ́, gbé agbára lé Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní lọ́wọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tuntun dé, àwọn adájọ́ tí ìlú ò fọwọ́ sí dé pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí aráàlú lè gbé ẹ̀hónú wọn gbà.

Ní oṣù Kẹwàá 1916, ọ̀rọ̀ náà bú jáde ní Òkèhò, ó sì ràn dé Ìsẹ́yìn. Wọ́n pa Onjó Olúkítíbi ní Òkèhò, ilé ẹjọ́ tí àwọn èèyàn ń bínú sí sì fara gbá nínú rẹ̀. Ìjọba rán ṣọ́jà wá, wọ́n paná rẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún àwọn kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1917, wọ́n kó Òkèhò kúrò lórí òkè tó wà tẹ́lẹ̀ wá síbi tó wà dòní. Àwọn òpìtàn máa ń pè é ní rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò. Nígbà yẹn, kò sí àpótí ìbò tí wọ́n lè fi yọ ẹni tí wọn ò fẹ́.

Nígbà tí ìbò máa kọ́kọ́ dé Western Region ní 1951, kì í ṣe pé gbogbo èèyàn ń dìbò tààrà. Aráàlú á yan àwọn aṣojú, àwọn aṣojú náà á tún jókòó yan ẹni tó máa lọ sílé aṣòfin n'Ìbàdàn.

Láti àga 42 sí àga 14

Ní 3 oṣù Kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Ọ̀ṣun sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1979, aṣojú 450 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, 42 nínú wọn jẹ́ ti Ọ̀yọ́. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọmọ ilé 126. Ìkànìyàn 1963 ni wọ́n fi ṣe ìṣirò náà, nítorí pé ìjọba ti wọ́gi lé èsì ìkànìyàn 1973.

Ní 27 oṣù Kẹjọ 1991, Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ètò òṣèlú tí ìjọba Babangida ṣe, wọ́n gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan á rán aṣojú kan lọ sí Abuja. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé náà fi tó 593 nígbà yẹn. Ìlànà yẹn ni ì bá ṣe Òkè-Ògùn láǹfààní jùlọ, torí pé iye ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn ò ka orí èèyàn. Àmọ́ kò pẹ́ rárá. Ní oṣù Kọkànlá 1993, Ọ̀gágun Sani Abacha gbàjọba, ó sì tú gbogbo ilé aṣòfin ká.

Ẹkùn ìdìbò tí wọ́n ń lò lónìí, 1996 ni wọ́n ti pín in. Òun ni wọ́n gbé wọ ìjọba alágbádá 1999: àga 360 fún gbogbo Nàìjíríà, 14 fún Ọ̀yọ́, mẹ́sàn-án fún Ọ̀ṣun. Tí wọ́n bá ro Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun pọ̀, 23 ni. Ilẹ̀ kan náà tó ní aṣojú 42 nínú 450 ní 1979 ló di 23 nínú 360 yìí.

Orí èèyàn ni òfin ń kà

Ohun tó fà á tí àga kò fi bá iye ìjọba ìbílẹ̀ mu kò ṣòro ó mọ̀. Abala 72 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sọ pé èèyàn inú ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, débi tó bá ṣeé ṣe dé. Òfin ò sọ̀rọ̀ nípa bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kò sọ̀rọ̀ nípa iye ìjọba ìbílẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ nípa iye iṣu tó ń ti ibẹ̀ jáde. Orí èèyàn ló ní kí wọ́n kà. Ìdí nìyẹn tí LCDA 35 tí ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí dá sílẹ̀ kò fi lè fi àga kan ṣoṣo kún ti ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ òfin kan náà ló tún sọ ní abala 73 pé kí àjọ elétò ìdìbò INEC máa tún ìpín náà yẹ̀ wò, kí ó sì tó ọdún mẹ́wàá ó kéré tán láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì. INEC tún lè ṣe é lẹ́yìn ètò ìkànìyàn. Láti 1996 dòní, wọn ò tíì tún ẹkùn ìdìbò pín jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìkànìyàn 2006 wáyé lẹ́yìn ìpín náà, ó ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì yí nǹkan kan padà. Ìkànìyàn tí ìjọba ní òun máa ṣe ní 2023 náà, wọ́n sún un síwájú nígbà tó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni awuyewuye náà ti gbóná. Àwọn kan ní ẹjọ́ wo ni Òkè-Ògùn ní, ṣebí èèyàn Ìbàdàn ló pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ní ta ló lè búra pé bí èèyàn ṣe wà ní 1996 náà ló ṣe wà lónìí? Àwọn méjèèjì ò lè parí rẹ̀ láìsí ìkànìyàn tuntun àti ìpín tuntun. Ìpín tuntun náà sì wá gba ìfọwọ́sí ilé aṣòfin méjèèjì l'Abuja, níbi tí àwọn tí ìpín àtijọ́ ṣe láǹfààní wà.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Abala 91 sọ pé iye aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ náà ní l'Abuja, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 24 tàbí kó ju 40 lọ. Aṣojú 14 ni ti Ọ̀yọ́. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 42, èyí tó ti ju 40 lọ. Síbẹ̀, aṣòfin 32 ló wà ní Agodi. Tí wọ́n bá tún ìpín náà ṣe lọ́jọ́ iwájú, àyè àga mẹ́jọ ṣì wà tí òfin ò dí.

Ìjókòó sẹ́nétọ̀ Àríwá Ọ̀yọ́

Ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Gúúsù Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án, Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́ ní 11, Àríwá Ọ̀yọ́ ní 13. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti Òkè-Ògùn wà nínú Àríwá Ọ̀yọ́, pẹ̀lú Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ àti Oríire.

Àwọn tó ti ṣojú ẹkùn náà láti 1999 ni Brimmo Yesufu lábẹ́ ẹgbẹ́ AD, Robert Koleoso, Andrew Babalola àti Hosea Agboola, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé lábẹ́ PDP ní 2003, 2007 àti 2011. Ní 2015, Abdulfatai Buhari, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọlé lábẹ́ APC. Ó tún wọlé ní 2019 àti 2023.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ní Òkè-Ògùn ti ń béèrè pé báwo ni ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ṣe ń mú àga tí mẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ìbò ló wọlé, kì í ṣe oyè ìdílé: tí ẹgbẹ́ òṣèlú mẹ́ta bá fa ọmọ Òkè-Ògùn mẹ́ta kalẹ̀ tí wọ́n pín ìbò Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Kìṣí mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lójú kan ló máa jàǹfààní rẹ̀. Kò sí òfin kankan tó ní kí àga sẹ́nétọ̀ máa yí ká. Àdéhùn inú ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ sì lè yẹ àdéhùn.

Ipò gómìnà

Ó kan ọ̀rọ̀ aṣòfin, torí pé ibi tí ìbò bá pọ̀ sí náà ni ẹgbẹ́ ti máa ń wá ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀. Àwọn tí aráàlú ti dìbò yàn sípò gómìnà Ọ̀yọ́ ni Bọ́lá Ìgè, Ọmọlolú Olúnlọ́yọ̀ọ́, Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá, Lam Adéṣínà, Ràṣídì Ládọjà, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, Abíọ́lá Ajímọ̀bí àti Ṣèyí Mákindé. Ìgè jẹ́ ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, tó ti di ara Ọ̀ṣun báyìí. Àlàó-Akálà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Ìbàdàn ni àwọn yòókù. Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn kankan níbẹ̀.

Ipò igbákejì gómìnà ni wọ́n ti rí i ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Rauf Ọláníyan, ọmọ Ìgbòho, bọ́ sípò náà ní 29 oṣù Karùn-ún 2019. Ní 18 oṣù Keje 2022, lẹ́yìn tó kúrò ní PDP lọ sí APC, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yọ ọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n búra fún Báyọ̀ Lawal, ọmọ Kìṣí, láti rọ́pò rẹ̀.

Kí ni àga méje lè ṣe?

Àga méje ò kéré tó bí àwọn kan ṣe rò. Nínú ilé oní 32, ó gba ọmọ ilé 17 kí ẹnikẹ́ni tó ní ju ìdajì lọ. Ìbàdàn ní 16, kò lè dá a ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá, bíi kí wọ́n yọ gómìnà tàbí igbákejì rẹ̀ nípò, tàbí kí wọ́n sọ àbá di òfin nígbà tí gómìnà bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbà, ìyẹn ọmọ ilé 22. Ẹni tó bá fẹ́ dí ìyẹn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní ọmọ ilé 11. Òkè-Ògùn ní méje, Ògbómọ̀ṣọ́ ní mẹ́rin. Méje àti mẹ́rin sì rèé, mọ́kànlá ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àmọ́ kò rọrùn bẹ́ẹ̀, torí pé aṣòfin kì í sábà dìbò tẹ̀ lé ìlú rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí àga méje fi lè wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ àsíá méjì tàbí mẹ́ta, tí ohùn Òkè-Ògùn ò ní jáde gẹ́gẹ́ bí ohùn kan.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún aráàlú kò farasin. Òpópónà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ kìlómítà 65, owó ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi tún un ṣe, Agodi sì ni wọ́n ti ń buwọ́ lu owó ìpínlẹ̀. Ọgbà LAUTECH tó wà n'Ìsẹ́yìn náà, ti ìpínlẹ̀ ni. Àmọ́ ìdídò Ìkéré Gorge, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láyé Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ẹni tó bá ń wá ìdáhùn lórí omi àti iná tí wọ́n ní ìdídò náà máa pèsè, Abuja ló ń lọ. Aṣojú Ìsẹ́yìn l'Abuja sì nìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló gbé dání.

Ìpínlẹ̀ Òkè-Ògùn ńkọ́?

Ìpè pé kí Òkè-Ògùn dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ ti pẹ́. Abala 8 nínú òfin ló sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń ṣojú agbègbè náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: nílé aṣòfin àgbà, nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aráàlú á dìbò lórí rẹ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta á ní àwọ́n fẹ́. Ó tún kù kí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà fọwọ́ sí i, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Abuja tó gbà á wọlé.

Tí wọ́n bá fi ìṣirò òkè yìí wò ó, ó gba aṣojú méjì nínú mẹ́ta ní Abuja, àti márùn-ún nínú méje ní Agodi. Nílé aṣòfin àgbà, sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ní pẹ̀lú Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá wà lórí àga Àríwá Ọ̀yọ́ lè dá ìlẹ̀kùn náà ṣí, ó sì lè dá a tì.

Ohun tó wà lọ́wọ́ olùdìbò

Abala 69 fàyè gba olùdìbò láti pe sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú-ṣòfin padà, abala 110 sì fàyè gba wọn láti pe aṣòfin ìpínlẹ̀ padà. Ó gba kí àwọn tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà buwọ́ lu ìwé ẹ̀hónú, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí alága INEC. Tí ìbuwọ́lùwé náà bá pé, INEC á ṣètò ìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ láàárín 90 ọjọ́. Ọ̀nà náà ṣòro. Ní 2018, nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà ní Kogi, ibi àyẹ̀wò ìbuwọ́lùwé ló ti fọ́.

Èyí tó rọrùn jù ni ohun tí ò ní ariwo nínú: kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, kó gba káàdì ìdìbò rẹ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n ka òun àti ará ilé rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun nígbà tí ìkànìyàn bá dé. Ọmọ Ṣakí tó ń ṣòwò l'Ékòó tí wọ́n kà l'Ékòó, Èkó ló kún iye tirẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà ní abúlé tí akànìyàn ò dé, kò kún ibì kankan. Nígbà tí INEC bá tún ẹkùn ìdìbò pín, orí tí wọ́n bá kà ní Òkè-Ògùn ni wọ́n máa fi pín àga fún un. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá lè wà níbẹ̀ títí láé, kò ní sọ méje di mẹ́jọ.